Ọ̀nà tí Òkun Gbà Wọ Ìlú Abidjan

Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń gbéra láti ìlú Ejigbo, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó ń la Kutọnu, Lomé àti Akra kọjá, títí tí yóò fi gúnlẹ̀ sí Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ejigbo, kò ṣòro láti bá àgbàlagbà tí ń sọ èdè Faransé gẹ́gẹ́ bí ẹni ń sọ èdè abínibí rẹ̀, nítorí pé Treichville tàbí Adjamé ni ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòwò. Síbẹ̀, bí a bá béèrè bí Abidjan ti ṣe di èbúté ńlá, ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé Ọlọ́run ni ó fi ìlú náà sí etí òkun. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abidjan àtijọ́ kò sí létí òkun rárá. Etí ọ̀sà ni ó wà, ilẹ̀ yanrìn gbọọrọ kan sì dábùú láàrín ọ̀sà náà àti òkun. Ènìyàn ni ó la ilẹ̀ yìí sí méjì ní ọdún 1950 kí òkun tó rí ọ̀nà wọlé. Bí ó ti ṣẹlẹ̀, àti ibi tí àlejò ti lè fojú rí i lónìí, ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ìtàn òkun ìlú yìí kò sí lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti fi ẹsẹ̀ rìn ín. Yóò dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní Plateau, yóò dúró létí odò àfọwọ́gbẹ́ ti Vridi, yóò wo ilé iná ojú òkun ní Port-Bouët, yóò sì gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sí Grand-Bassam, ìrìn nǹkan bí 40 kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni yóò gbà á nímọ̀ràn, Grand-Bassam ni n ó ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni òkun ti kọ́kọ́ fi ojú àwọn oníṣòwò òyìnbó gbolẹ̀.

Etíkun ilẹ̀ náà kò ṣe é gúnlẹ̀. Láti apá Fresco títí dé ẹnubodè Gánà, yanrìn ni, ọ̀sà wà lẹ́yìn yanrìn, ìgbì ńláńlá sì ń ya lu iwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sí àpáta tí yóò ṣíji bo ọkọ̀, kò sí ẹnu odò tí ó jìn tó èyí tí ọkọ̀ ńlá lè gbà wọlé. Àwọn Potogí tí wọ́n kọ́kọ́ tukọ̀ kọjá níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470 fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ wọn sílẹ̀ ní San Pédro àti Sassandra, wọ́n sì bá tiwọn lọ síbi tí wúrà wà. Eyín erin ni àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀lé wọn ń rà, òun ni wọ́n sì fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ.

Àwọn Faransé gbìyànjú láti fìdí múlẹ̀ ní Assinie, ní ìlà-oòrùn, kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aniaba lọ sí Paris, wọ́n ní ọmọ ọba ni. Ọba Louis Kẹrìnlá fúnra rẹ̀ ṣe baba ìsàmì fún un, wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1701 ni wọ́n dá a padà sílé, wọ́n rò pé yóò bá wọn gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí Aniaba ti dé ilé, ó padà sí ìṣe àwọn ènìyàn rẹ̀, àǹfààní tí wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì wá. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn kúrò ní Assinie. Àwọn òpìtàn òyìnbó kan pè é ní aláìmoore. Ní tèmi, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀.

Àwọn tí ó mọ òkun yìí dájú ni àwọn Krúù, tí ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti Làìbéríà tí ó sì dé Tabou, Béréby àti Sassandra ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire. Àwọn àgbà Èkó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọkọ̀ òyìnbó tí ó bá ń bọ̀ láti Liverpool tàbí Bordeaux a dúró níwájú ìlú wọn, a gba àwọn ọkùnrin sínú ọkọ̀, wọn a sì bá a ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté títí dé Èkó, Calabar àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà sílé, a tún sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níwájú abúlé wọn pẹ̀lú owó iṣẹ́ àti ẹrù tí wọ́n rà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlà aláró kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ láàrín iwájú orí dé imú. Wọ́n ní nígbà òwò ẹrú, ìlà yẹn ni ó ń sọ fún olówò pé ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí a ń tà.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ agbára nìkan. Ọkọ̀ ńlá a sọ ìdákọ̀ró sí ibi tí ó jìnnà sí etíkun, níbi tí ìgbì kò ti ní lè gbé e lu ilẹ̀. Ọkọ̀ kékeré onígi ni yóò lọ gba ẹrù wá. Àwọn awakọ̀ a jókòó sí etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú àjẹ̀ kúkúrú lọ́wọ́, ọ̀gá wọn a dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn tí ó fi ń tọ́ ọ, a sì kọjú sí òkun. Òkun ń hó ruru, a kì í wà á ruru: àwọn baba wa ni ó sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ rẹ̀ sì hàn ní etíkun yìí ju ibikíbi lọ. Ọ̀gá náà a máa ka ìgbì. Yóò jẹ́ kí àwọn ńlá kọjá, kí èyí tí ó kéré tó dé, nígbà náà ni yóò ké sí wọn, wọn a sì wà á ní àwàgbẹ̀mí. Bí ó bá ṣì í kà, ọkọ̀ a dojú dé, agbádá epo a máa léfòó, ènìyàn a sì bá a lọ. Gbogbo òwò epo pupa, gẹdú àti kòkó ní etíkun yẹn gba abẹ́ àjẹ̀ wọn kọjá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1843 ni àwọn Faransé kọ́ odi kékeré kan sí Grand-Bassam, ní ibi tí odò Comoé ti ń ṣàn sínú òkun. Ní ọdún 1893, nígbà tí wọ́n kéde Côte d'Ivoire gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìjọba wọn, wọ́n fi ìlú náà ṣe olú ìlú, Louis-Gustave Binger sì di gómìnà àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fún un ṣì wà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é ní ẹyọ-ẹyọ, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó o wá láti tò ó pọ̀. Kí àlejò tí ó bá wọ ilé yìí lónìí rántí pé kò sí ẹyọ irin kan nínú rẹ̀ tí kò gba orí ìgbì kọjá nínú ọkọ̀ onígi, nítorí kò sí wáàfù kankan níbẹ̀ ní ọdún náà.

Ọdún mẹ́fà péré ni ìlú náà fi gbádùn ọlá yìí. Ní 1899 ibà apọ́njú bẹ́ sílẹ̀, ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó tí ń gbé ibẹ̀. Àwọn tí ó kù sá lọ sí orí òkè kan ní àríwá ọ̀sà, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Bingerville. Ṣùgbọ́n òwò kò bá wọn lọ, nítorí wáàfù tí wọ́n ti ń kọ́ ní Grand-Bassam parí ní 1901. Wáàfù yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀. Afárá irin ni, ó na ara rẹ̀ jáde kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sì wà ní ìparí rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ṣì ní láti dúró lókèèrè. Ọkọ̀ kékeré a kó ẹrù wá sí abẹ́ wáàfù, ẹ̀rọ a sì fà á sókè.

Bí a ti ń fa àpótí sókè náà ni a ń fa ènìyàn. Wọn a jókòó sínú agbọ̀n onígi kan, a so agbọ̀n mọ́ ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rọ a sì gbé e fò láàrín òfuurufú àti omi. Gómìnà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iyàwó gómìnà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Èkó tí wọ́n rìnrìn-àjò kí ọdún 1914 tó dé kì bá tí rẹ́rìn-ín sí i, nítorí níwájú ẹnu ọ̀sà tiwa náà, inú irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbé èrò láti ọkọ̀ ńlá sí ọkọ̀ kékeré. Ní Akra, ọkọ̀ onígi àti àjẹ̀ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí tí wọ́n fi ṣí èbúté Tema ní 1962. Kutọnu kò ní èbúté gidi títí di 1965, Lomé títí di 1968. Gbogbo etíkun yìí ni ó jọ jẹ ìyà kan náà.

Àwọn Faransé mọ̀ pé wáàfù kò lè gbé òwò ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní 1904 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ojú irin tí ó gbéra láti abúlé kékeré kan létí ọ̀sà, Abidjan, tí ó dé Bouaké ní 1912, tí ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Èkejì ni gbígbẹ́ ilẹ̀ yanrìn náà kí ọkọ̀ lè bá ojú irin pàdé nínú ọ̀sà. Ojú irin yọrí sí rere. Ọ̀nà omi kò yọrí sí nǹkan kan: wọ́n gbẹ́ ẹ tán, òkun fi yanrìn dí i padà. Nítorí náà wọ́n tún kọ́ wáàfù mìíràn, ní Port-Bouët, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí 1931, wọ́n sì fi afárá orí omi so ó mọ́ Abidjan. Ní 1934 Abidjan di olú ìlú ní ipò Bingerville, ìlú tí ojú irin rẹ̀ ń wo òkun lókèèrè tí kò lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yanrìn yìí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́. Ní etíkun wa, láti ibẹ̀ títí dé Èkó, ìgbì kì í ya lu ilẹ̀ gbọọrọ. Ó ń dá gbá bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn ni ó fi ń ti yanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láìsinmi, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá. Ẹnukẹ́nu tí a bá là, yanrìn yìí ni yóò kọ́kọ́ kún un. Ṣùgbọ́n níwájú Vridi gan-an, ọ̀gbun ńlá kan wà nísàlẹ̀ òkun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní tòsí ilẹ̀. Àwọn Faransé pè é ní Trou sans Fond, ihò tí kò ní ìsàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí i pé bí wọ́n bá gbẹ́ ọ̀nà omi náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun yìí, tí wọ́n sì fi òkúta ńláńlá ṣe ìdènà jáde sínú òkun, yanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn yóò máa já sínú ọ̀gbun, ẹnu ọ̀nà yóò sì mọ́. Ní ojú tèmi, ọgbọ́n yìí tóbi ju agbára ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ lọ. Ohun tí ọkọ̀ òkun ti ń bẹ̀rù ni wọ́n fi ṣe adènà.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí ogun 1939 tó dé, ogun sì dá a dúró. Lẹ́yìn ogun wọ́n tún gbé e dìde. Kò yẹ kí a gbàgbé pé títí di ọdún 1946, tí òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé wá sílé ìgbìmọ̀ ní Paris fi òpin sí i, iṣẹ́ tipátipá ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba àti ti oko òyìnbó ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún 1950, òkun àti ọ̀sà fẹnu kan ẹnu. Ọ̀nà omi náà gùn tó kìlómítà 2.7, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 370 mítà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1951 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ṣíṣí èbúté, mínísítà tí ó wá láti Paris sì ni François Mitterrand, ẹni tí ó di ààrẹ ilẹ̀ Faransé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí ó bá ti wọlé a bọ́ lọ́wọ́ ìgbì pátápátá, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀ nínú omi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìlú Abidjan fò sókè. Kọfí, kòkó àti gẹdú ṣàn gba ẹnu Vridi lọ, ẹrù òkèèrè sì ń wọlé. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tí ó tà á káàkiri. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì jáde ní 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí kò fẹ́ padà sílé ṣí apá ìwọ̀-oòrùn lọ, wọ́n sì bá àwọn ará Ejigbo tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Aṣọ, ìkòkò àti ohun èlò ọkọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó gba Vridi dé.

Ṣùgbọ́n òkun kì í fúnni lóhun kan kí ó má gba òmíràn. Àwọn wáàfù di irin ìpẹtà. Omi tí odò Comoé ti fi ń fọ ẹnu rẹ̀ mọ́ ní Grand-Bassam rí ọ̀nà tí ó rọrùn ní Vridi, ó sì bá ibẹ̀ lọ. Yanrìn wá dí ẹnu odò Grand-Bassam fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ibẹ̀ dákẹ́, ẹja tí ń wọlé láti òkun dínkù. Omi iyọ̀ wọ inú ọ̀sà Ébrié, ẹja inú rẹ̀ sì yí padà. Ní Port-Bouët, òkun ń jẹ ilẹ̀, nítorí yanrìn tí ó yẹ kí ó dé ibẹ̀ ti bá ọ̀gbun lọ. Èyí kì í ṣe àlọ́ létí ará Èkó. Àwa náà kó òkúta sí ẹnu ọ̀sà wa kí 1914 tó pé, ọkọ̀ ńlá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach láti ọdún náà wá. Owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè wa fi kó yanrìn sí ibẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n.

Grand-Bassam wá di ìlú tí a ń lọ wò. Ilé gómìnà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ ìbílẹ̀ láti 1981. Ní 2012, àjọ UNESCO kọ ìlú náà, pẹ̀lú abúlé àwọn N'zima tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sínú ìwé àwọn ogún gbogbo ayé. Àlejò yóò rí ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ àti àwọn ilé oníṣòwò tí igi ti ń hù láàrín ògiri wọn. Wọn yóò tún fi ọgbà ẹ̀wọ̀n hàn án, èyí tí àwọn obìnrin ti Abidjan rìn wá ká ní oṣù kejìlá 1949 láti béèrè fún ìdásílẹ̀ àwọn olóṣèlú tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀, ní ọdún kan náà tí ọwọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta le mọ́ Aláké. Kí àlejò má ṣe wo ilé nìkan. Kí ó béèrè àwọn Krúù lọ́wọ́ amọ̀nà rẹ̀. Ilé òyìnbó ní orúkọ ẹni tí ó ni ín lára. Ta ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó di àjẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mú nígbà tí irin ilé náà ń bọ̀?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Plateau, ní Abidjan, ní ìyà tirẹ̀. Nígbà ìjà lẹ́yìn ìdìbò, ní 2011, àwọn olè wọ ibẹ̀, wọ́n sì kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ju 100 lọ. Ní 2017 ni ó tó tún ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn Tchaman, àwọn onílẹ̀ etí ọ̀sà tí àwọn mìíràn ń pè ní Ébrié, fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè kò sí lára ohun tí olè kó. Ìlù ni, igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, orúkọ rẹ̀ sì ni Djidji Ayokwe. Ohùn rẹ̀ a máa ta lórí omi ọ̀sà láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba bá ń bọ̀ wá kó ènìyàn fún iṣẹ́ tipátipá, ìlù náà ni ó ń kìlọ̀, àwọn ọkùnrin a sì wọ igbó lọ. Nítorí èyí ni àwọn Faransé fi gbà á ní 1916. Wọ́n gbé e sọdá òkun, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2025 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé tó fi òfin yọ̀ǹda pé kí a dá a padà fún Côte d'Ivoire. Ohun tí ó gba orí òkun lọ nìyẹn, tí kò sí nínú ìwé ẹrù kọfí àti gẹdú.

Wọ́n tún fẹ ẹnu Vridi lójú sí i, wọ́n sì gbẹ́ ẹ jìn sí i. Iṣẹ́ náà parí ní 2019, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gùn jù lè wọlé. Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà omi náà yóò rí wọn bí wọ́n ti ń kọjá, tí àpótí irin tò lórí wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́bàá òkúta ìdènà, ní ìhà òkun, ọkọ̀ onígi àwọn apẹja Fante láti Gánà ń jáde lọ dẹ àwọ̀n. Ẹnìkan dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wo ìgbì.